Wọ́n Ní Kí N Sọ Pé Ara Ẹ̀ Ò Yá

Tó bá jẹ́ ẹnu mi ni wọ́n fẹ́ dá lẹ́bi, kí wọ́n dá a lẹ́bi tán, kí wọ́n má dá a ní ìdajì. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Wọ́n ní mo sọ̀rọ̀ jù. Wọ́n ní irú mi ò yẹ níbi tí wọ́n ti ń wá èèyàn tó sọnù sójú ogun. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ó dáa, mo ti wálé. Mo wà ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta níbí, mò ń bá ìyá mi po aró, ọwọ́ mi ti dúdú dé ìgúnpá. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n á sọ apá kejì? Ṣé wọ́n á sọ pé ká ní mo dákẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí n dákẹ́ ni, bàbá Mùfú ì bá ti ṣe fídáù fún ọmọ tó wà láàyè? Wọn ò ní sọ ọ́. Wọ́n á fo ibẹ̀ bí ìgbà téèyàn fo gọ́tà.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni mo ṣe máa kọ ọ́, torí mi ò mọ ìwé lọ títí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Èyí tó kù, etí ni mo fi mú un.

Àdìrẹ ló gbé mi dé ọ̀hún. Àǹtí mi ń tà á ní Injaménà, olú ìlú Sháàdì, mo bá a lọ. Mo rò pé ọjà ni ọjà, ibi yòówù kí wọ́n ná an sí. Ká tó mọ̀, ogun ti dé àárín ìgboro, gbogbo ayé sá gba orí odò Shárì kọjá sí Kúsírì, tó jẹ́ ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Àǹtí mi wálé. Èmi ò wálé. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Mo ti pariwo káàkiri Ìtòkú pé mò ń lọ sí òkèèrè, mi ò wá lè padà wá pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, torí ìkejì ti bọ́ sódò.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Kúsírì ni bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe tẹ́. Kò sí òkè, kò sí àpáta, igi pàápàá ò tó nǹkan. Pẹrẹsẹ bí àwo. Èmi ọmọ Ẹ̀gbá, abẹ́ òkúta làwọn baba wa sá sí tí wọ́n fi di ìlú. Tí ìbọn bá dún níbẹ̀ yẹn, ojú mi á kàn máa wá òkúta kiri, bẹ́ẹ̀ kò sí. Àwọn èèyàn kàn máa ń dọ̀bálẹ̀ síbi tí wọ́n bá wà ni, pẹ̀lú ọmọ lábẹ́.

Òdìkejì odò ni ìbọn yẹn ti máa ń wá. Gbì. Gbì. Á dákẹ́ díẹ̀. Gbì. Bí ẹni ń gúnyán nílé kejì. Ebi á sì máa pa mí. Ẹ ò rí i bí ara èèyàn ṣe ya òmùgọ̀ tó? Wọ́n ń pa ara wọn lọ́hùn-ún, itọ́ iyán ń ṣàn lẹ́nu mi.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyí. Mo wà lórí ìlà mílíìkì tí wọ́n ń pín nínú àgọ́ àwọn tó sá ogun, bíi tàwọn yòókù, obìnrin méjì bẹ̀rẹ̀ ìjà, mo bá dá sí i. Èyí tó ń sọ Haúsá, mo fi Haúsá bá a wí, torí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníbàárà ìyá mi láti kékeré. Èyí tó ń sọ Lárúbáwá, mo fi Lárúbáwá ọjà Injaménà bú u. Òyìnbó tó ń bọ̀ wá là wọ́n, mo fi Faransé sọ fún un pé kó dúró níbẹ̀, kò kàn án. Bó ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Òun ni ọ̀gá àwọn elétò ìrànwọ́ tó wà nínú àgọ́ yẹn. Músíò la máa ń pè é. Èmi, wọn ò bi mí lórúkọ. "Nàíjíríà" ni wọ́n ń pè mí. Wọn ì báà pè mí ní Kúsírì gan-an, màá dáhùn, torí mílíìkì.

Iṣẹ́ mi ni kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì, kí n máa sọ ohun tó bá wí fáwọn ìyá ọmọ. Kátírìn ni orúkọ nọ́ọ̀sì yẹn. Ọmọ Faransé ni, kò ju ọjọ́ orí mi lọ púpọ̀, imú ẹ̀ máa ń bó nínú oòrùn bí awọ àlùbọ́sà. Òun ò mọ̀ pé wọ́n ń kí èèyàn. Á kàn wo ojú ìyálọ́mọ á ní "gbé ọmọ wá." Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún ìyá tó ti fi ẹsẹ̀ rìn láti ìlú ogun? Mo máa kọ́kọ́ kí i kú ìrìn, kí i kú oòrùn, bi í léèrè àwọn tó kù nílé, kí n tó wá sọ pé nọ́ọ̀sì ní kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ gbé ọmọ wá. Lọ́jọ́ kan Kátírìn bi mí pé:

"Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ mi máa ń gùn tó bá dẹ́nu ẹ?"

Mo ní ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló kúrú, mò ń bá a fà á ni. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Mùfú ló ń wa Láńdírófà. Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lára mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbóhùn ẹ̀. Mò ń bínú sẹ́nìkan tó da ìlà rú, mò ń bú u lédè mẹ́ta, ẹnìkan wá sọ lẹ́yìn mi, ní Yorùbá ilé wa gangan, pé, "Ọmọ Ìtòkú, ẹnu ẹ yìí ò ní jẹ́ kó o rọ́kọ fẹ́ o." Mi ò tíì sọ fún un pé Ìtòkú ni mo ti wá. Mo ní kó lọ fọ mọ́tò. Mo wá lọ sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun, mo sunkún. Mùfútáù, ọmọ Alàájì olóbì. Ilé wọn ò jìnnà sílé wa. Àwọn baba baba wọn ló ti ń ra obì gbànja lóko Kọ́bapẹ́ àti Ìtòrí, tí wọ́n ń dì í sínú agbọ̀n fáwọn Haúsá tó ń gbé e lọ sókè. Òun ò fẹ́ ṣe obì. Mọ́tò ló fẹ́. Ìjà òun àti bàbá ẹ̀ lórí ìyẹn ló gbé òun náà dé ọ̀hún.

Àwa méjèèjì la di ilé fúnra wa. Tí kò bá sí Mùfú, mi ò mọ̀ bóyá màá ṣì rántí pé èèyàn kan ni mí kí n tó di Nàíjíríà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tó dáa, kó má jẹ́ ẹ̀rù nìkan. Mo rí àwọn aláró níbẹ̀. Ihò ni wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń rẹ aṣọ sí, wọn ò lo ìkòkò bíi tiwa. Mo bẹ bàbá kan níbẹ̀, mo mú àpò ìyẹ̀fun tó ti ṣófo, mo fọ lẹ́tà ara ẹ̀ kúrò, mo fi ìko dì í bí ìyá mi ṣe ń dì í: òṣùpá ńlá kan láàárín, òṣùpá kéékèèké yí i ká. Ìyá mi máa ń dá òṣùpá kan yà sí igun, òun nìkan, kò bá àwọn tó kù tò. Àmì ẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá kó ẹgbẹ̀rún aṣọ jọ lójúde, ẹ lè fi mọ tiẹ̀. Èmi náà dá tèmi yà. Nígbà tí mo tú u, tó gbẹ, Mùfú wò ó títí. Kátírìn sọ pé òun ló ni ín. Mo ní kò sí nínú ọ̀rọ̀ tá a jọ sọ. Ó ti wé e mórí. Látọjọ́ yẹn kò tú u mọ́.

Fóònù wa ńkọ́? Màìdúgùrì ni. Lọ́rì wa máa ń lọ kó ìyẹ̀fun níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ pe ilé á bá wọn lọ. Jímọ̀ ni tiwa, lẹ́yìn ìrun, torí ìgbà yẹn ni Alàájì máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Ìtòkú, níbi tí tẹlifóònù wà. Ìyá mi á sá wá láti ìdí ìkòkò aró. Mùfú ní bàbá òun ti ń ráhùn pé gbogbo ara fóònù òun ti di búlúù. Kò sí nǹkan tá à ń sọ níbẹ̀. Ẹ kú Jímọ̀, ẹ kú ilé, ẹ kú àfojúsọ́nà, ṣé dáadáa lẹ wà, àwọn wo ló wà níbẹ̀, ẹ bá mi kí wọn. Ìgbà tá a bá máa kí i tán, ó ti já. Kátírìn ní kí la wá ń rí nínú ẹ̀. Mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀ fún un. Tí wọ́n bá ti kí mi tán, ó tó mi lò di Jímọ̀ mìíràn.

Wọ́n jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, Kátírìn àti Mùfú, wọ́n ń lọ fún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ ní abúlé kan lọ́nà adágún Sháàdì. Ó yẹ kí n bá wọn lọ. Wọ́n ní èèyàn pọ̀ lórí ìlà mílíìkì, kí n dúró. Kátírìn yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ kú ìdúró o." Mo ti kọ́ ọ ní ìyẹn. Aṣọ yẹn wà lórí ẹ̀.

Oòrùn wọ̀, wọn ò dé. Ilẹ̀ mọ́, wọn ò dé. Rédíò tá a fi ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, a pè é, a pè é. Ṣùù, ló ń ṣe. Mo ti gbọ́ ìbọn títí kò ṣe mí ní nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n ṣùù yẹn, inú mi ló ń wọ̀. Àwọn tó lọ wò ó ní ọkọ̀ náà wà nínú yanrìn, ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí sílẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí èèyàn.

Músíò kó wa jọ. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣe òdodo sí i, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ní ìdí. Ó ní àwọn tó bá kó wọn lè máà tíì mọ irú èèyàn tó wà lọ́wọ́ wọn. Tí ariwo bá ta, wọ́n lè gbé wọn wọnú ogun lọ, wọ́n sì lè pa wọ́n kí wọ́n lè rí ọ̀nà sá. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń wá irú wọn. Báyìí la ṣe ń wá wọn: awakọ̀ kan á dé láti ọ̀nà ibẹ̀, màá fún un lómi, màá bi í bí ọ̀nà ṣe rí, màá bi í bóyá ó rí ọkọ̀ kankan tó dẹnu kọlẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ dárúkọ, mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kójú mi yí padà. Èmi tí wọ́n ń gbóhùn mi láti òpin ìlà.

Jímọ̀ dé. Mo sọ fún Músíò pé bàbá Mùfú á máa retí ohùn ọmọ ẹ̀. Ó ní ìyẹn ò le, kí n bá lọ́rì lọ, kí n sọ pé ara Mùfú ò yá díẹ̀, kò lè wá, á pè wọ́n ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Lójú tiẹ̀, kò sírọ́ tó kéré jùyẹn lọ. Èmi náà, ẹ̀rù ti gba ọpọlọ mi, mo ní ó dáa.

Alàájì ló gbé e. "Mùfú ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ kú Jímọ̀, sà."

"Ẹ kú Jímọ̀, ọmọ mi. Mùfú ńkọ́?"

"Ara ẹ̀ ni ò yá díẹ̀, sà."

Kò béèrè ohun tó ń ṣe é. Kò béèrè bóyá ó ti lo oògùn. Ìgbà yẹn lọpọlọ mi tó padà wálé. Àwa kẹ̀? Níbo la ti ń sọ ikú lórí fóònù? Nígbà tí bàbá tèmi kú lóko ní Ìtòrí, kí ni wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó? Pé ara bàbá ò yá díẹ̀, kó máa bọ̀ nílé. Ó wọ mọ́tò, ó ti ń sunkún kó tó jókòó. Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá kan tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti ìlú ogun tí kò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Músíò ò mọ̀. Èmi tí mo mọ̀ ni mo fi ẹnu ara mi pa Mùfú.

Mo gbọ́ tí Alàájì ní "Innáà lílláhi." Mo gbọ́ tí obìnrin kan figbe ta lẹ́yìn ẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi, "Ọmọ ọlọ́mọ, yéè." Alàájì ní kí wọ́n dákẹ́. Ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n. Ó ní:

"Ṣé wọ́n wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ Mùsùlùmí?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn. Bàbá kan jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkú, obì yí i ká, ó ń bi mí bóyá wọ́n wẹ òkú ọmọ òun.

"Alàájì, kò kú. Ẹ má sin ín. Wọ́n ń wá a ni."

"Wọ́n ń wá a kẹ̀?"

Mo bá tú u síta. Mo sọ gbogbo ẹ̀: ọkọ̀, yanrìn, ilẹ̀kùn tó ṣí, Kátírìn, abúlé tí wọ́n ń lọ. Mo ní wọ́n ní ká má sọ. Ó tẹ́tí títí mo fi parí. Ó wá ní, "O ṣé, ọmọ mi. Tún orúkọ abúlé yẹn sọ." Mo tún un sọ. Ó fún ìyá mi ní fóònù.

Ìyá mi ní, "Ìwọ ńkọ́, ṣé ara ẹ yá?"

Mo ní ara mi yá.

Ó ní, "Tún un sọ."

Mo tún un sọ títí tó fi já.

Ohun tí Alàájì ṣe, ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́. Ó lọ sí Sábó lọ́jọ́ yẹn gan-an, lọ́dọ̀ Màláàmù Gàrúbà tó ti ń ra obì lọ́wọ́ wọn láti ayé bàbá ẹ̀. Ọmọ Gàrúbà ń tà á ní Kánò, àna ẹ̀ ń tà á ní Màìdúgùrì, ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ àna yẹn ń tà á yí adágún ká. Gbogbo àwọn tó ń jagun yẹn ló ń jẹ obì, ẹni tó ní ìbọn àti ẹni tí kò ní. Obì kì í sì í dúró. Tó bá pẹ́ lọ́nà, á bàjẹ́ nínú ewé. Ọ̀rọ̀ tó bá bá obì rìn, kì í pẹ́ lọ́nà.

Èmi ò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo kàn wà lórí ìlà lọ́jọ́ kan, ìyálọ́mọ kan bi mí gbangba pé ṣé wọ́n ti rí ọmọ olóbì tó sọnù. Lójú kan náà, gbogbo ọjà ti gbọ́. Músíò náà gbọ́. Ó pè mí wọlé, ojú ẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun, ó bi mí ta ni mo sọ fún. Mo ní bàbá ẹ̀ ni. Kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. Ó ní:

"Tí wọ́n bá kú, ẹnu ẹ ló pa wọ́n."

Mi ò lè jẹun mọ́ látọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ń bá mi rìn kiri.

Wọ́n wá lọ́sàn-án gangan. Ọkọ̀ kan tí kò ní gíláàsì, àwọn ọkùnrin wé láwàní bo ojú, ìbọn lórí itan wọn. Ẹnìkan bọ́ sílẹ̀, ó béèrè pé èwo ni Nàíjíríà. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Igbá tí mo fi ń wọn mílíìkì wà lọ́wọ́ mi, ìyẹ̀fun ẹ̀ ń dà sílẹ̀. Mò ń wá òkúta. Èmi ọmọ Ẹ̀gbá, mò ń fojú wá òkúta nínú yanrìn.

Ó dúró níwájú mi. Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó kó ọwọ́ sápò, ó mú obì kan jáde, ó là á, ó sọ awẹ́ kan sẹ́nu. Ó ní, "Ìwọ ni ohùn ẹ dé ọ̀dọ̀ wa." Ó wọ ọkọ̀, wọ́n lọ.

Mo jókòó sínú mílíìkì tó dà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí obì yẹn. Ó pupa, ó tutù, omi ṣì wà lára ẹ̀. Kì í ṣe gbígbẹ bí èyí tí wọ́n ń tà ní Kúsírì. Obì ilé wa ni, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ewé. Ọ̀rọ̀ Alàájì ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Mi ò wá mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n sá.

Mo máa ń rò ó nígbà yẹn pé kí ló ń sọ èèyàn di ará ibìkan. Ní Kúsírì, ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń kú lójú odò tí kò sẹ́ni tó béèrè wọn. Wọn ò sọnù o. Wọ́n kàn ti lọ ni. Ẹni tí wọ́n bá ń béèrè ló ń sọnù. Mo bi ara mi pé tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nínú Láńdírófà yẹn, ohùn ta ni ì bá rìn láti Ìtòkú wá. Mo rí ọwọ́ ìyá mi, búlúù, lára fóònù olóbì. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo wá rántí Kátírìn. Ta ló ń béèrè ẹ̀? Músíò ti sọ fún ìyá ẹ̀ pé ó wà níbi tí kò sí fóònù.

Olóbì kan tí wọ́n ń pè ní Búkárì ló wá sí àgọ́ lẹ́yìn náà. Bàbá àgbà ni, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Ó kí mi títí, gbogbo ìkíni tó wà láyé, mo ti fẹ́ kú. Ó wá ní Alàájì l'Ábẹ́òkúta ní kí wọ́n bi ẹni tí wọ́n bá rí ní ìbéèrè kan, kó má lọ jẹ́ ẹlòmíì ni wọ́n ń fi hàn wọ́n: kí lọmọ òun fi obì òun ṣe tóun fi nà án? Ó ní wọ́n ti bi í. Ojú ń ti bàbá náà láti sọ ọ́. Ó wo ilẹ̀.

"Ó ní òun tọ̀ sí i."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, ẹkún sì tẹ̀ lé e, mo di ilẹ̀ mú. Àwọn ará ilé wa gbogbo ló mọ ìtàn yẹn! Agbọ̀n obì odindi, Mùfú ọmọ kékeré dìde lórí ẹní, ó rò pé ẹ̀yìnkùlé lòún wà. Músíò sáré jáde, ó rò pé wọ́n ti mú òkú dé. Mo ṣàlàyé fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú sòkòtò funfun ẹ̀, ó ní kí bàbá náà jọ̀wọ́ jókòó, kí ni wọ́n máa fún un mu.

Àwọn olóbì ló bá wọn sọ ọ́ títí wọ́n fi tú Mùfú sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Mi ò dá a mọ̀. Ètè ẹ̀ ti là, ó ti gbẹ bí panla. Mo ní, "Olóbì-títọ̀, ẹ káàbọ̀." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè ẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀.

Òun nìkan ló bọ̀.

Ó ní ibì kan náà làwọn wà, òun àti Kátírìn, títí ọjọ́ tí ìbéèrè obì yẹn dé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n gbé Kátírìn lọ síbòmíì. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé èyí ní bàbá, èyí ní ìjọba. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń bá bàbá sọ̀rọ̀. Ìjọba ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ṣé ẹ rí ibi tọ́rọ̀ wà báyìí? Músíò ò tún ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ sọ mọ́, pé ẹnu mi ló pa wọ́n. Ó kàn máa ń wò mí.

Búkárì padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí kò kí mi púpọ̀. Ó ní òun rí aṣọ kan lọ́jà etí adágún, lórí igbá alákìísà, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ká a dáadáa. Ó búlúù. Òṣùpá ńlá, kéékèèké yí i ká. Mo bi í pé igun ẹ̀ ńkọ́. Ó ní ọ̀kan dá yà síbẹ̀. Ẹ̀rù ba òun láti rà á, ẹ̀rù ba òun láti béèrè ibi tó ti wá.

Músíò ní a ò ní sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ó ní aṣọ kì í ṣe òkú. Òótọ́ ni. Wọ́n lè jí i, ó lè fi tọrọ omi. Ó ní pàápàá jù lọ, ká má sọ ọ́ fún ìyá ẹ̀, torí ìyá ẹ̀ ti ń bọ̀.

Ó dé. Obìnrin kékeré, irun ẹ̀ ti funfun, ó di báàgì ẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó wọ mọ́tò tó ń sáré. Wọ́n ti sọ fún un pé wọ́n ń ṣe gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣe. Ó gbà, ó dúpẹ́. Ó wá ní òun fẹ́ rí èyí tí wọ́n ń pè ní Nàíjíríà. Músíò wò mí gan-an kó tó jẹ́ kí n wọlé, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Mo kí i kú ìrìn. Mo kí i kú oòrùn. Mo bi í léèrè ilé. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ní Kátírìn ti sọ nípa mi nígbà kan, pé ọ̀rọ̀ òun máa ń gùn tó bá dẹ́nu mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ó ní, "Èmi ni ìyá ẹ̀. Lónìí, má fi kún un. Má sì yọ nínú ẹ̀."

Mo wo Músíò. Ó mi orí sí mi, díẹ̀ báyìí, pé rárá.

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti aṣọ, mo sọ ti igun ẹ̀. Mo sọ pé èmi ni mo pe Alàájì, àti pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì ìbéèrè yẹn ni wọ́n gbé ọmọ ẹ̀ lọ. Mi ò fi kún un. Ojú obìnrin náà ò kúrò lójú mi. Nígbà tí mo parí, kò bú mi, kò dúpẹ́. Ó bi mí bóyá mo lè di irú aṣọ yẹn mìíràn fún òun, kóun lè ní ohun tóun á máa fi han àwọn èèyàn lọ́jà yẹn, kóun máa béèrè. Mo dì í. Mo dá òṣùpá kan yà sí igun. Aró ẹ̀ ò tíì gbẹ tí wọ́n fi ní kí n máa lọ sílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Obìnrin yẹn gbé aṣọ mi lọ sétí adágún, mi ò tíì gbọ́ ìròyìn ẹ̀. Mùfú ń di obì ní ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀ báyìí, kì í sọ̀rọ̀ mọ́tò mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ara òun ò yá níwájú ẹ̀, á dìde, á jáde. Àwọn ìyàwó ilé wọn máa ń kúnlẹ̀ kí mi, àwọn kan sì wà ní Ìtòkú níbí tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn mi pé ẹnu tó gba ọmọ Ẹ̀gbá là ló ti ọmọ òyìnbó sínú ihò. Jímọ̀ Jímọ̀, tí wọ́n bá kírun tán, mo ṣì máa ń lọ jókòó ti fóònù Alàájì. Tó bá dún, mi kì í gbé e.

Ẹ̀yin ńkọ́, tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí níbi tí òkúta wà lẹ́yìn yín? Bàbá kan ń bi yín lórí fóònù bóyá wọ́n wẹ òkú ọmọ òun. Ìyá kan jókòó níwájú yín, ó ní ẹ má fi kún un, ẹ má yọ nínú ẹ̀. Ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ náà jù yín lọ sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí.

Ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?